Ṣé kí n fi node kún dátábéèsì wa kí àsìkò kòkó tó dé, àbí kí n kàn ra èyí tó tóbi jù?

ọmọ_Ìjàpọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ dátábéèsì ni mo gbé wá, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i kíákíá torí oṣù kẹwàá ò jìnnà mọ́.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la jọ kọ áàpù fáwọn tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀. Àwọn ajẹ́ǹtì wà ní Ìdànrè, wọ́n wà ní Oǹdó, Ilé-Olújì, títí lọ dé apá Ọ̀wọ̀. Bí wọ́n bá ti gbé àpò sórí òṣùwọ̀n tán báyìí wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, orúkọ àgbẹ̀, iye kílò, bí kòkó ọ̀hún ṣe gbẹ sí, iye tí wọ́n san, wọ́n á tún ya fọ́tò rìsíìtì mọ́ ọn. Àwọn ọ̀gá wọn tó wà l'Álágbàká níbí á wá máa wo àròpọ̀ ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà kí wọ́n lè mọ iye owó tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. PostgreSQL ni dátábéèsì yẹn, kì í ṣe orí sáfà tiwa, ilé iṣẹ́ cloud kan ló ń bá wa tọ́jú ẹ̀, node kan péré (ìyẹn kọ̀ǹpútà kan tó ń gbé dátábéèsì), RAM (mẹ́mọ́rì) 2GB.

Láti oṣù kejì títí di oṣù kẹsàn-án, kò sí wàhálà. Ká sọ tòótọ́, kò sẹ́ni tó ń rántí dátábéèsì. Àmọ́ bí kòkó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, àárín aago mẹ́rin sí méje ìrọ̀lẹ́ ni àwọn ajẹ́ǹtì máa ń jáde láti abà dé ibi tí network wà, gbogbo fóònù á wá jọ máa rán ohun tí wọ́n ti tẹ̀ láti àárọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìgbà yẹn gan-an sì làwọn ọ̀gá máa ń ṣí rípọ́ọ̀tù. Ohun tí mo máa ń rí nínú log nìyí:

`FATAL: remaining connection slots are reserved for non-replication superuser connections`

Ajẹ́ǹtì á máa pè mí pé àgbẹ̀ dúró ti òun lórí owó, ọ̀gá á máa pè mí pé rípọ́ọ̀tù ò ṣí, ó sì máa ń dùn mí torí àgbẹ̀ tó ti ru kòkó wá láti oko kò yẹ kó máa dúró nítorí sáfà.

Lórí dashboard wọn, mo rí ibi tí mo ti lè fi standby node kún un, mo rí ibi tí mo ti lè fi read-only node kún un, mo tún rí ibi tí mo ti lè sọ èyí tó wà di 4GB àbí 8GB. Èwo ni kí n tẹ̀? Ṣé áàpù máa kú nígbà tí mo bá tẹ̀ ẹ́? Ṣé mo sì lè dá a padà sí kékeré tí àsìkò bá parí, torí dọ́là la fi ń sanwó, ẹ̀yin náà sì mọ ohun tí ojú wa ti ń rí láti ìgbà tí wọ́n ti jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023.

Ìyá_Postgres

Àbúrò, o kú iṣẹ́ o, iṣẹ́ gidi lẹ ń ṣe. Má tíì tẹ nǹkan kan.

Ká kọ́kọ́ mọ ohun tó kún ná. CPU lè kún, mẹ́mọ́rì lè kún, dísìkì lè kún, connection (okùn tí áàpù fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀) náà lè kún, kálukú ló sì ní oògùn tiẹ̀. Error tí o lẹ̀ síbí yìí, connection ló ń pariwo. Kò sọ pé node rẹ kò lágbára.

Bí Postgres ṣe ń ṣe nìyí: gbogbo connection tó bá wọlé, odindi process kan (ètò tó ń dá ṣiṣẹ́ lórí sáfà) ni sáfà máa dá sílẹ̀ fún un, ìyẹn sì ń jẹ mẹ́mọ́rì yálà ó ń ṣiṣẹ́ àbí ó kàn jókòó. Ìdí tí àwọn ilé iṣẹ́ yìí fi máa ń fi RAM díwọ̀n iye connection tí wọ́n máa fún ẹ nìyẹn. Lọ́dọ̀ DigitalOcean, bí àpẹẹrẹ, 25 ni wọ́n ń fún GB kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá yọ 3 sílẹ̀ fún àbójútó tiwọn, torí náà 1GB á fún ẹ ní 22, 2GB á fún ẹ ní 47. Ilé iṣẹ́ tìẹ lè má ka tiwọn báyẹn, ṣùgbọ́n kò ní jìnnà síra.

Wàá wá rí i pé tí áàpù yín bá ń di connection mú láì lò ó, bí o bá ra èyí tó tóbi ìlọ́po méjì, ìyẹn náà á kún, owó á sì ti lọ. Ẹni tó ti gbowó kòkó ẹ̀ tán tó tún jókòó sórí òṣùwọ̀n, òun ló ń dá àwọn tó kù dúró, bẹ́ẹ̀ òṣùwọ̀n ọ̀hún ò bàjẹ́.

Nírọ̀lẹ́ òní, nígbà tí ẹ̀rọ bá ń gbóná, bá mi fi èyí wò ó:

`SELECT application_name, state, count(*) FROM pg_stat_activity GROUP BY 1, 2 ORDER BY 3 DESC;`

Tí èyí tó pọ̀ jù bá jẹ́ `idle` (tó jókòó láìṣiṣẹ́), a ti mọ ibi tó ń dun ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Tó bá jẹ́ `active` ló pọ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ ni. Tó bá wá jẹ́ `idle in transaction`, kódù yín ló ń ṣí transaction (àwọn àṣẹ tí dátábéèsì ń ṣe pọ̀ bí iṣẹ́ kan) láì tì í, ìyẹn gan-an sì burú jù torí ó máa ń di lock (àgádágodo orí data) mú, kì í sì í jẹ́ kí vacuum (ìgbálẹ̀ Postgres) kó pàǹtírí kúrò.

ọmọ_Ìjàpọ̀

Ẹ ṣé gan-an mà. Mo ti wò ó. `idle` ló pọ̀ jù, ó fi gbogbo ọ̀nà ju `active` lọ. Container mẹ́rin (ẹ̀dà áàpù mẹ́rin) la fi ń sáré áàpù, ìkọ̀ọ̀kan ní pool (connection tó ń dì mú sílẹ̀) tó jẹ́ 10, ìyẹn ti di 40, ká má tíì ka worker tó ń gba ohun táwọn fóònù ń rán àti irinṣẹ́ rípọ́ọ̀tù táwọn ọ̀gá ń lò. Ó jọ pé ibẹ̀ ló ti ń kún.

Àmọ́ CPU náà máa ń lọ sókè tí wọ́n bá ṣí rípọ́ọ̀tù o, ó máa ń kan 90 nínú 100.

Ìyá_Postgres

Ó dáa, ọ̀rọ̀ méjì ló wà níbẹ̀ nìyẹn, jẹ́ ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ti connection, pooler (alágbàtà tó ń pín connection) lo nílò. PgBouncer ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ta managed dátábéèsì ló sì ti gbé e sínú dashboard wọn, DigitalOcean ní i, AWS (cloud ti Amazon) náà ní RDS Proxy tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn fún RDS, dátábéèsì tí wọ́n ń bá èèyàn tọ́jú. Fi sí transaction mode. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé áàpù yín lè ṣí igba connection sọ́dọ̀ pooler, pooler á sì fi ogún péré bá Postgres sọ̀rọ̀, bí transaction kan bá ti parí, ó gba connection yẹn lọ́wọ́ ẹ̀, ó fún ẹlòmíì. Gbogbo ohun tí àwọn ajẹ́ǹtì ń rán, INSERT (àṣẹ kíkọ) kéékèèké ni, ó máa ń parí kí èèyàn tó ṣẹ́jú, ogún lè gbé wọn láìsí ìnira.

Nǹkan tí o ní láti ṣọ́ níbẹ̀: transaction mode kì í jẹ́ kí `SET` tó o ṣe fún session, `LISTEN`, àti advisory lock ti session ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, torí transaction tó kàn lè bọ́ sórí connection mìíràn. Prepared statement (àṣẹ tí a ti múra ẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú) náà máa ń dá wàhálà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti PgBouncer 1.21 tó jáde lọ́dún 2023 wọ́n ti ṣe é kó lè gbà á tí ẹ bá ti tan `max_prepared_statements`. Wo version tí ilé iṣẹ́ yín ń lò kẹ́ ẹ tó gbé e jáde. Migration (kódù tó ń yí bí tébù ṣe rí padà), ẹ jẹ́ kó máa gba ọ̀nà tààrà lọ sí Postgres, ẹ má jẹ́ kó gba inú pooler.

Ti CPU, gbé query (ìbéèrè sí dátábéèsì) rípọ́ọ̀tù yẹn, fi `EXPLAIN (ANALYZE, BUFFERS)` síwájú ẹ̀, lẹ ohun tó bá sọ síbí. Bí mo bá rí `Seq Scan` (kíka gbogbo ìlà látòkè délẹ̀) lórí tébù tí gbogbo kòkó ọdún mẹ́ta wà nínú ẹ̀, nítorí kí ẹnì kan lè rí ti òní nìkan, index (atọ́ka tó ń jẹ́ kó tètè rí ohun tó ń wá) lo nílò, o ò tíì nílò node.

Bọ̀dá_Ọ̀yémẹkùn

Mo fara mọ́ ohun tí ìyá sọ. Mo kàn fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí àwọn bọ́tìnì mẹ́ta tí o rí yẹn, torí mo rí i tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fowó ṣòfò lórí wọn.

Standby node, kì í ṣe fún yíyára. Ó wà níbẹ̀ kí ó lè gorí àlééfà tí ti àkọ́kọ́ bá kú. Lọ́dọ̀ RDS, Multi-AZ (ètò tó ń fi standby sí ibùdó míì) tó jẹ́ ti standby kan, o ò lè ka nǹkan kan láti ara ẹ̀ rárá, ó kàn ń gba data pamọ́ ni. Torí náà tó o bá fi kún un nítorí kí rípọ́ọ̀tù lè yára, kò ní yí nǹkan kan padà. Mi ò sọ pé kó o má rà á o! Owó àgbẹ̀ ló wà nínú dátábéèsì yìí, node kan ṣoṣo ní àsìkò kòkó, èmi ò lè fọkàn balẹ̀ sùn lórí ìyẹn. Ìdáàbòbò ni, mo rò pé ó tọ́ kẹ́ ẹ ní i láti oṣù kẹsàn-án títí di oṣù kejì ó kéré tán.

Read-only node, èyí ló ń bá èèyàn gbé kíkà. Kíkọ kò kàn án rárá, gbogbo INSERT ṣì máa lọ sórí node àkọ́kọ́ náà ni, read-only kàn ń ṣe ẹ̀dà ẹ̀ ni. Kódà àwọn read-only yìí náà gbọ́dọ̀ kọ gbogbo ohun tí àkọ́kọ́ bá kọ. Tó bá jẹ́ kíkọ ló ń pa yín, ẹ fi mẹ́wàá kún un, ibi tí ẹ wà náà lẹ máa wà.

Ohun tí mo fẹ́ kó o fi sọ́kàn jù nìyí: ẹ̀dà yẹn kì í dé lójú ẹsẹ̀, asynchronous ni. Ó lè pẹ́ díẹ̀, tí iṣẹ́ bá pọ̀ ó lè pẹ́ jùyẹn lọ. Níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, wọ́n darí gbogbo SELECT (àṣẹ kíkà) inú áàpù sí read-only node. Ẹni tó wà nídìí òṣùwọ̀n á tẹ kílò 58, á tẹ "fi pamọ́", ojú ìwé á ṣí padà, kílò 58 ò sí níbẹ̀. Kí ló máa ṣe? Á tún un tẹ̀. Nígbà tí ẹ̀dà bá fi máa dé, méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n sì ti sanwó lórí méjèèjì. Ó gba wọ́n ní àkókò gan-an kí wọ́n tó rí i yanjú, torí àgbẹ̀ kan lè ta àpò méjì tó wọn iye kan náà lóòótọ́, báwo lo ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ àṣìṣe?

Nítorí náà, ohunkóhun tí ajẹ́ǹtì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ, orí node àkọ́kọ́ ni kó ti kà á. Rípọ́ọ̀tù àwọn ọ̀gá nìkan ni kó lọ sórí read-only. Kí fóònù sì máa fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ní UUID (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí kì í jọ ti òmíì) láti orí fóònù fúnra ẹ̀, kẹ́ ẹ fi unique (kò gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì) sí orí ẹ̀ nínú dátábéèsì, kẹ́ ẹ wá lo `ON CONFLICT DO NOTHING`, kó lè fojú fo èyí tó bá tún wá. Pẹ̀lú network tó wà lọ́nà Ìdànrè, fóònù máa rán nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ó dájú.

FUTA_northgate

Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tí ẹ ò kàn gbé e lọ sórí Spanner (ti Google) tàbí CockroachDB, àwọn dátábéèsì tó ń pín iṣẹ́ sára node púpọ̀? Ìyẹn fi node kún un, kíkọ náà á pín. Kò sí pé node kan ni olórí gbogbo nǹkan.

Ìyá_Postgres

Ọmọ mi, òótọ́ lo sọ nípa bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Spanner ń pín data sára àwọn node ẹ̀ fúnra ẹ̀, o lè fi node kún un kí ó má dúró rárá, o sì lè bẹ̀rẹ̀ láti kékeré, torí node kan jẹ́ processing unit 1,000, wọ́n sì ń ta 100. Google fúnra wọn sọ pé kẹ́ ẹ má jẹ́ kí CPU tó wà fún iṣẹ́ pàtàkì kọjá 65 nínú 100 tó bá jẹ́ region (àgbègbè tí sáfà wà) kan, kí ẹ lè mọ ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ fi kún un. Ètò tó dáa ni, mo fẹ́ràn ẹ̀.

Ṣùgbọ́n wo ohun tó ń ṣe ẹ̀gbọ́n ẹ. Connection tó jókòó láìṣiṣẹ́, àti rípọ́ọ̀tù tí kò ní index. Kíkọ ò tíì dà á láàmú. Bí ó bá gbé e lọ síbẹ̀, kódù pọ̀ tó máa tún kọ, primary key (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan) tó ń tẹ̀lé ara wọn bíi 1, 2, 3 gan-an máa dá wàhálà sílẹ̀ lórí Spanner torí gbogbo kíkọ á rọ́ lọ sí apá kan ṣoṣo, kòkó sì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kò sídìí ẹ̀ fún wọn báyìí.

ọmọ_Ìjàpọ̀

Ẹ ṣeun mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. EXPLAIN ti jáde, `Seq Scan` ni bí ìyá ṣe sọ, ó ń ka gbogbo tébù látòkè délẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ọ̀gá kan bá ṣí ojú ìwé yẹn. Ibi tí a ti ń wá a ni `ajenti_id` àti `ojo`.

Ṣé mo lè ṣe index yẹn báyìí láì dá wọn dúró? Tí mo bá sì fẹ́ lọ sí 4GB, ṣé ó máa kú?

Ìyá_Postgres

O lè ṣe é, lo èyí:

`CREATE INDEX CONCURRENTLY idx_iwon_ajenti_ojo ON iwon (ajenti_id, ojo);`

`CONCURRENTLY` yẹn ló máa jẹ́ kí kíkọ máa lọ nígbà tó bá ń ṣe é. Kò lè wà nínú transaction, torí náà tí irinṣẹ́ migration yín bá máa ń fi transaction wé gbogbo nǹkan, ẹ pa á fún èyí. Tó bá já láàárín, á fi index tó jẹ́ INVALID sílẹ̀, ẹ drop ẹ̀ kẹ́ ẹ tó tún un ṣe. Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe é, ẹ má ṣe é nírọ̀lẹ́.

Bọ̀dá_Ọ̀yémẹkùn

Lórí 4GB yẹn: tí ẹ bá ní standby, ọ̀pọ̀ wọn máa kọ́kọ́ sọ standby di ńlá, wọ́n á wá yí iṣẹ́ sí orí ẹ̀. RDS sọ pé ìyípadà yẹn sábà máa ń gba ìṣẹ́jú àáyá 60 sí 120. Tí ẹ bá ní node kan ṣoṣo, ó lè dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí kò sí ẹlòmíì tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Torí náà tí ẹ bá máa ra standby lóòótọ́, ẹ rà á KÍ Ẹ TÓ sọ ọ́ di ńlá.

Àdírẹ́sì tí áàpù fi ń pè é kì í yí padà, ohun tó wà lẹ́yìn àdírẹ́sì yẹn ló ń yí. Ibẹ̀ ni èèyàn ti máa ń rí áàpù tó ṣì ń kàn sí IP àtijọ́ torí ó ti fi DNS (ohun tó ń sọ orúkọ di IP) pamọ́, Java pàápàá, ẹ lọ wo TTL ẹ̀ (àkókò tó fi ń pa á mọ́). Gbogbo connection tó wà lórí ẹ̀ nígbà yẹn máa já, kò sọ́gbọ́n tẹ́ ẹ lè dá sí i, kí kódù yín tún gbìyànjú fúnra ẹ̀. Ẹ dán an wò nígbà tí ọjà ò sí, ẹ tẹ failover (yíyí iṣẹ́ sórí standby) fúnra yín ní òru, kẹ́ ẹ wo bóyá áàpù á gbéra padà láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

RAM àti CPU, ẹ lè dá a padà lóṣù kejì tí kòkó bá lọ sílẹ̀. Ó máa tún já díẹ̀ bíi ti ìgbà tẹ́ ẹ ń gòkè, ìyẹn náà ni. Ṣùgbọ́n dísìkì ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún! Níbi púpọ̀, bọ́tìnì tẹ́ ẹ máa fi dísìkì kún wà, bọ́tìnì tẹ́ ẹ máa fi dín in kù ò sí. Ẹ máa ní láti kó data lọ sórí òmíì. Ibòmíì sì wà tó jẹ́ pé RAM tó tóbi ń wá pẹ̀lú dísìkì tó tóbi, tẹ́ ẹ bá ti kọ data kọjá ti kékeré, ẹ ò lè padà mọ́ nìyẹn.

Arákálẹ̀_net

Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni container yín wà, ibo sì ni dátábéèsì wà? Mo béèrè torí mo ti rí ẹni tó fi áàpù sí Èkó, tó fi dátábéèsì sí Jámánì. Query kan lọ-bọ̀ lè gba ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ojú ìwé kan bá wá ń béèrè ogún query lẹ́sẹẹsẹ, ìṣẹ́jú àáyá méjì ti lọ kí Postgres tó ṣe iṣẹ́ gidi kankan. Kò sí node tó lè wo ìyẹn sàn. Kí méjèèjì wà ní region kan náà, kí fóònù nìkan máa rìn jìnnà. Ẹ sì jẹ́ kí fóònù máa tọ́jú nǹkan sọ́wọ́ dáadáa títí tí ìdáhùn á fi dé, torí ní March 14, 2024 tí àwọn wáyà abẹ́ òkun WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 jọ já lójú òkun Abidjan, sáfà àwọn èèyàn ò ṣe nǹkan kan, ọ̀nà ló dí.

ọmọ_Ìjàpọ̀

Region kan náà ni wọ́n wà bọ̀dá, ẹ ṣé. Mo ti ṣe index, rípọ́ọ̀tù tí kì í ṣí tẹ́lẹ̀ ti ń jáde kíá, inú mi dùn gan-an. Pooler ló kàn lọ́sẹ̀ yìí, lẹ́yìn náà standby, a máa wá lọ sí 4GB kí oṣù kẹsàn-án tó parí.

Read-only fún rípọ́ọ̀tù ńkọ́, ṣé kí n fi sílẹ̀ ná? Àti pé dísìkì tí bọ̀dá sọ yẹn ti bà mí lẹ́rù díẹ̀, torí fọ́tò rìsíìtì, inú dátábéèsì náà ló wà, `bytea` (irú àyè tí Postgres ń fi tọ́jú fáìlì nínú tébù) la lò.

Ìyá_Postgres

Fi read-only sílẹ̀ ná. Owó odindi node ni wọ́n máa gbà lórí ẹ̀, index sì ti gbé èyí tó pọ̀ kúrò nílẹ̀. Ìgbà tí CPU bá tún ń ga lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti dé 4GB ni kẹ́ ẹ wá rà á. Tẹ́ ẹ bá rà á, rípọ́ọ̀tù tó bá pẹ́ lórí ẹ̀ lè já pẹ̀lú `canceling statement due to conflict with recovery`, `max_standby_streaming_delay` ló ń fà á, 30s ni wọ́n máa ń fi í sí látilẹ̀, ẹ lè mú un gùn tí ilé iṣẹ́ yín bá gbà yín láyè.

Fọ́tò, ẹ kó o kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun lórí dísìkì. Object storage (ibi tí cloud ń tọ́jú fáìlì) ni ilé fọ́tò, ó dínwó gan-an sí dísìkì dátábéèsì, kí tébù kàn máa tọ́jú orúkọ fáìlì. Fọ́tò yẹn ló ń mú backup yín wúwo, òun ló sì máa mú kí standby tuntun pẹ́ kó tó bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba. Ẹ máa kó o díẹ̀díẹ̀ lóru, tẹ́ ẹ bá sì ti yọ ọ́ tán, dísìkì ò ní fúnra ẹ̀ lọ sílẹ̀, torí vacuum lásán kàn ń sọ àyè yẹn di ohun tí Postgres tún lè lò ni. `VACUUM FULL` ló máa dá a padà, ṣùgbọ́n ó máa ti tébù yẹn pa pátápátá títí tó máa fi parí, ó sì nílò àyè láti kọ ẹ̀dà tuntun. Oṣù kẹjọ ló dáa jù fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Tí ẹ ò bá ráyè ṣe é kí kòkó tó dé, ẹ fi àyè yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìwọ̀n ọdún yìí á rí ibi wọ̀ sí.